Gbéborùn: Bí Òdòdó Kan Ṣe Gba Ojú Omi Wa

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan ra ahun omi fún ọmọ rẹ̀. Àwa mẹ́ta la jọ gba yàrá kan fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìtẹ̀lé. Òun ni ìkẹrin wa, tó máa ń wá lo iná wa nígbà tí sólà tirẹ̀ bá ti kú. Ahun náà kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Àwọ̀ ewé ló ní, ilà pupa kan sì wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ó gbé e sínú abọ́ ike, ó ya fídíò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ni ẹnìkan bá béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá, tó bá wá dàgbà ńkọ́?" Èsì rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan: "Ṣé odò ló wọ́n wa ní Ìtẹ̀lé ni? A máa dá a padà sómi, kó lọ jayé orí ẹ̀."

Kò sí ẹni tó bá a wí. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ àánú ló jọ létí. Ẹran tó o ti ń bọ́, tó o ò fẹ́ pa, tó o ò sì lè bọ́ mọ́, kí lo tún fẹ́ ṣe fún un ju kó o dá a padà sínú omi lọ? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "padà" yẹn kò yé wa. Ahun yìí kò ti inú odò wa wá. Níbo la wá fẹ́ dá a padà sí?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ sì tán. A jókòó sínú òkùnkùn, a ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa ahun náà lórí fóònù. Agbègbè odò Mississippi ní Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn ará Louisiana ń sìn ín ní oko bí a ṣe ń sin adìẹ. Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa èyí tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tó íǹṣì mẹ́rin, torí pé àwọn ọmọdé ń kó àrùn salmonella lára rẹ̀. Ṣé àwọn olóko wá tìlẹ̀kùn? Rárá o. Òkèèrè ni wọ́n ń kó o lọ tà. Láàárín 1989 sí 1997, ó lé ní mílíọ̀nù 52 tí wọ́n kó jáde. Àsìkò yẹn náà ni eré Ninja Turtles, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1987, gbòde kan, tí ọmọdé kò gbọ́ ti ẹlòmíràn mọ́ àfi kí wọ́n ra ahun fún òun.

Ahun kékeré wá di ńlá bí àwo ìjẹun. Omi rẹ̀ ń rùn. Ó lè lo ogún ọdún láyé, kó tún lé. Ọmọ tó fẹ́ ẹ ti wọ yunifásítì, ó ti sú bàbá, ìyá kò fẹ́ rí i mọ́, ni wọ́n bá gbé e lọ sódò tó wà nítòsí. Ní Yúróòpù, ó ń bá ahun ilẹ̀ wọn du oúnjẹ, ó ń bá a du orí igi tí wọ́n ti ń yá oòrùn, òun ló sì máa ń borí. Nígbà tí wọ́n máa dáwọ́ kíkó o wọlé dúró ní 1997, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Àwa náà ní ahun odò tiwa. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelusios castaneus, tí igbá àyà rẹ̀ ní ìdè bíi ti ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé tó bá ti fà wọlé, ó lè ti ara rẹ̀ mọ́lé. Òmíràn wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ, tó ń dàgbà tó fi ń ju ọpọ́n ayò lọ. Kò sí ẹni tó ń ya fídíò wọn.

Ṣùgbọ́n ahun kọ́ ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí a ṣe ń kà á lọ nínú òkùnkùn, ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ ọmọ Àgbádárìgì, sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn, ṣebí ìtàn gbéborùn náà lẹ ń kà yìí?"

Bí o bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá nígbà òjò, o ti rí i. Ewé tútù yọ̀yọ̀ tó bo ojú ọ̀sà bí ẹní, tí ọ̀pá rẹ̀ wú bíi bàlúùnù, òun ló ń jẹ́ kó léfòó. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò tó ṣí díẹ̀, àmì pupa rúsúrúsú bí ẹyin ojú wà láàárín ewé òdòdó tó wà lókè. Ó rẹwà. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata, torí ẹwà yẹn gan-an ló gbé e dé ibi gbogbo tó dé. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbin ìyà. Òdòdó ni wọ́n gbìn.

Agbègbè odò Amazon, ní Brazil, ni orírun rẹ̀. Nílé, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ wà, kò sì ráyè ṣe fàájì jù. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sínú adágún omi ilé wọn. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé níbi ìpàtẹ ọjà òwú tó wáyé ní New Orleans ní 1884 sí 1885, wọ́n ń pín in fún àwọn àlejò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹni tó gbà á délé fi í sínú omi; nígbà tó kún jù, ó gbọ́n ọn sódò. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi kò fi lè kọjá mọ́ lórí odò St. Johns ní Florida.

Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí. Ní 1910, aṣòfin Louisiana kan, Robert Broussard, gbé àbá òfin wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí ìjọba yọ 250,000 dọ́là sílẹ̀ láti lọ kó ẹranko wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹranko wo? Erinmi. Erinmi á jẹ ewéko náà, àwọn Amẹ́ríkà á sì jẹ erinmi, nítorí ẹran wọ́n nígbà náà. Àbá náà kò di òfin. Bí ó bá di òfin ni, bóyá àwọn ọmọ Louisiana ì bá máa sá fún erinmi lónìí, tí ewéko ṣì wà níbẹ̀.

Ewéko náà ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ó dé Íjíbítì kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní 1958 wọ́n rí i lórí Odò Náílì ní Sudan. Ní 1977, wọ́n rí i ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá kàn wá. Láti Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, omi kan náà ló ń ṣàn wá sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú omi ti ń ná ọ̀nà yẹn kí òyìnbó tó dé. Ohun tó bá ń léfòó ní Àjàṣẹ́ lónìí, kí ló fẹ́ dá a dúró? Ọdún méje wà láàárín 1977 àti ìgbà tí wọ́n máa rí i lọ́dọ̀ wa. Ọdún méje! A kò rí àkọsílẹ̀ kankan pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí omi yẹn pé nǹkan ń bọ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ló wọlé, lójú omi Àgbádárìgì àti ọ̀sà Yewa. Ẹ rántí bí ọdún yẹn ṣe rí, tàbí kí ẹ bi àwọn òbí yín. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari ló wà lórí àga. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n ti bodè ilẹ̀ pa nítorí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ owó náírà, wọn kò fẹ́ kí àwọn tó kó náírà pamọ́ sí òkèèrè ráyè gbé e wọlé. Sójà wà ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n ń tú ẹrù èèyàn, wọ́n ń tú gèlè ìyá oníyàá. Bodè náà wà ní títì títí wọ 1986. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tú ẹrù yẹn, lórí omi, òdòdó elésè àlùkò ń kọjá, láìní ìwé ìrìnnà, láìsan owó ibodè.

Màmá ọ̀rẹ́ wa ọmọ Àgbádárìgì ṣì wà láyé, ẹja ni wọ́n ń yan tà nígbà náà. A pè wọ́n lórí fóònù, a kí wọn, wọ́n kí wa tán, wọ́n gbàdúrà fún wa tán, kí a tó ráyè béèrè. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ rí i, inú àwọn dùn sí i. Àwọn ọmọbìnrin ń já òdòdó rẹ̀ sórí irun. Ìyàwó kan ní àdúgbò wọn tilẹ̀ bù ú sínú kòkò omi iwájú ilé rẹ̀ kí ó lè máa rí i láràárọ̀. Ọdún kejì ni ọkọ̀ kò lè kúrò lébùúté mọ́. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á gbá ewé mọ́ra títí yóò fi kú. Àwọ̀n tí ọkọ wọn fi sómi lálẹ́, ewéko á ti gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọ̀n tí wọ́n yá owó rà. Wọ́n ní, "Ẹja kò sá lọ o. Abẹ́ ẹ̀ ló wà. A kàn ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni." Nígbà tó tún yá, ẹja ọ̀hún kò sí níbẹ̀ mọ́. Ewé tó bo omi kò jẹ́ kí oòrùn wọlé, èyí tó bá kú ń jẹrà sísàlẹ̀, atẹ́gùn tí ẹja ń mí nínú omi sì ń tán lọ.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe ti kọ́ wa bí ohun tó ń di méjì ṣe máa ń yá. Bí àyè bá gba gbéborùn, ó lè di méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Létí oṣù kẹfà, á ti di 8,192. Lópin ọdún, tí omi bá fẹ̀ tó, á ti lé ní mílíọ̀nù 67. Irúgbìn rẹ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ sì lè sùn síbẹ̀ fún ogún ọdún kó tó hù. Nínú kóòdù, tí a bá ti ba nǹkan jẹ́, a máa ń dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. Omi kò ní àná tí a lè tẹ̀ padà sí.

Ohun tó dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀ lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Àdúrà kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì ṣàmín sí i rí: ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àwọn baba wa wo omi, wọ́n rí ewé méjì tí kò rì, wọ́n fi wọ́n ṣe àdúrà fún ọmọ wọn. Lónìí, lọ síbi tí gbéborùn ti gba ojú omi, kó o wá ojú oró, kó o wá òṣíbàtà. A ṣì ń ṣe àmín. Ewé tó ń lékè ti yàtọ̀.

Ta ló wá sọ ọ́ ní gbéborùn? A kò bá orúkọ ẹni náà pàdé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Gbéborùn ni ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, tí kò sí ẹni tó pè é, tó sì jẹ́ pé ibi tó bá kúrò kì í tòrò mọ́. Àwọn Igala ní orúkọ tiwọn, tó túmọ̀ sí pé ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ. Àtẹnu Achenyo Idachaba la ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ méjèèjì pa pọ̀, nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lórí pèpéle TED ní 2015. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lòun náà kọ́, bíi tiwa. Ó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó wá sí Ìbàdàn, ó dá ilé-iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ará etí omi bí wọ́n ṣe lè gé ọ̀pá gbéborùn, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n fi hun agbọ̀n àti oríṣiríṣi nǹkan ọ̀ṣọ́ ilé. A fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: agbọ̀n kò lè tán ohun tó ń di méjì lọ́sẹ̀ méjì.

Àwọn ará Benin ló kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀, àwọn náà ni iṣẹ́ tó lágbára jù tí a kà nípa rẹ̀ ti wáyé lọ́dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí, ní ẹ̀ka kan ní ẹ̀bá Kútọnu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwọn kòkòrò kéékèèké kan, Neochetina, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá, ó wà lára àwọn tó ń jẹ gbéborùn nílé. Àgbà rẹ̀ ń họ ewé jẹ, ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ inú ọ̀pá lọ. Ní 1991 wọ́n tú irú kìíní sílẹ̀, ní 1992 wọ́n tú irú kejì.

Nígbà tí a ka èyí, a bá ara wa jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Àlejò kan ti ba omi jẹ́, ẹ tún lọ pe àlejò kejì? Ṣé kì í ṣe erinmi Louisiana náà nìyí? Ọ̀kan nínú wa takú pé òun kò fara mọ́ ọn. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni bí wọ́n ṣe ṣe é: kí wọ́n tó tú kòkòrò náà sílẹ̀ níbikíbi, wọ́n ti kó oríṣiríṣi ewéko mìíràn síwájú rẹ̀, wọ́n ń wò bóyá ó máa jẹ ẹ́, bóyá ó máa bímọ lórí rẹ̀. Gbéborùn ló mọ̀. Ní Tévédji, lẹ́bàá odò Ouémé, gbogbo ojú omi ni ewéko náà bò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ló kù.

Àwọn olùwádìí tún lọ bi àwọn ará abúlé léèrè ní 1999 pé kí ni nǹkan náà gbà lọ́wọ́ wọn. Ìṣirò tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni pé nígbà tó le jù, àwọn bí 200,000 èèyàn ní gúúsù Benin ń pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún. Kòkòrò yẹn dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 àti ààbọ̀ padà fún wọn lọ́dún. Gbogbo owó tí iṣẹ́ náà ná wọn jẹ́ mílíọ̀nù méjì dọ́là lé díẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n jàǹfààní, síbẹ̀ ohun tó kù láti máa pàdánù lọ́dọọdún ju ìlọ́po mẹ́wàá owó iṣẹ́ náà lọ. Gbogbo èyí torí òdòdó.

Ẹni tó bá ń gbé Ìtẹ̀lé lè sọ pé Àgbádárìgì jìnnà. Kò jìnnà. Odò Owó gba agbègbè wa yìí kọjá, ó wọ ọ̀sà Ologe, ọ̀sà Ologe sì tú sójú omi Àgbádárìgì. Gbéborùn wà lórí ọ̀sà náà, a sì mọ ohun tó ń jẹ. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Covenant, ní Ọ̀tà níbí, ti ṣe àyẹ̀wò odò Illo, wọ́n rí ohun tí omi ilé ìpẹran ń ṣe sí i; wọ́n ti ṣe ti odò Atuwara náà, tí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń ṣàn sí. Ẹ̀jẹ̀ ẹran, ọṣẹ, ìgbẹ́, àjílẹ̀ oko: ohun tó ń pa ẹja ni oúnjẹ aládùn fún gbéborùn. Àlejò tó wọlé lọ́dún 1984 kò jẹ́ tó báyìí bí kò bá ṣe pé àwa la tẹ́ tábìlì fún un.

Ọmọ Àwórì ló ni ilẹ̀ tí a ń gbé yìí. Ìtàn wọn ni pé Ọlọ́fin gbé àwo kan lé orí odò Ògùn, ó ń tẹ̀lé e lọ, ibi tí àwo bá dúró sí ni kí àwọn èèyàn rẹ̀ dúró sí, títí àwo fi rì. "Àwo ti rì" ni wọ́n dáhùn nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé àwo dà, ibẹ̀ sì ni orúkọ Àwórì ti wá. Ìlú tó jẹ́ pé ohun tó ń léfòó lórí omi ló tẹ̀ ẹ́ dó! A máa ń rántí rẹ̀ tí a bá dúró lórí afárá, tí a rí ìdì gbéborùn kan tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè odò, tí òdòdó mẹ́ta dúró lórí rẹ̀ ṣánṣán. Èyí kò rì.

A sọ ìtàn náà fún ọ̀rẹ́ wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti pọ̀ jù. Ahun kan ṣoṣo ni mo ní o!" Òótọ́ ni, ahun kan kò lè dá bímọ. Àmọ́ ẹni tó tà á fún un ní odindi bàsíà kan tó kún, kò sì sí oníbàárà rẹ̀ kan tí odò jìnnà sí ilé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kò dá wa lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń pọn omi létí kànga ló dáhùn pé, "Ẹ bá mi sọ fún un o, torí èmi ni mò ń pààrọ̀ omi ẹ̀."

Wọn kò tíì jù ú sódò. Ó ti kúrò nínú abọ́ ike, ó ti kúrò nínú bàsíà, inú ìdajì dúróòmù tí wọ́n gé ló wà báyìí lẹ́yìn ilé, tòun ti òkúta kan tó ń gùn láti yá oòrùn. Ó ti tó àwo ìjẹun. Ọmọ náà sọ ọ́ ní Àbúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí a bá àwọn wá ohun tó fẹ̀ ju ìdajì dúróòmù lọ.